Ríléè mẹ́ta ti kú, fáànù kò sì yí: àkọsílẹ̀ ọkọ̀ kan tó ń gbóná tó bá ti dúró

Bí ọkọ̀ ṣe dé

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ onípẹtiróòlù ni. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 1.8, ó dábùú iwájú ọkọ̀, jíà rẹ̀ jẹ́ ọtomátíìkì. Fáànù oníná méjì ló wà lẹ́yìn rédíétọ̀ rẹ̀, inú àpótí ike kan ṣoṣo ni wọ́n jọ jókòó sí, kò sí ìdènà kankan láàárín wọn: ọ̀kan wà fún rédíétọ̀, èkejì wà fún kọńdẹ́ńsà AC, èyí tó dà bíi rédíétọ̀ fún AC. Kálukú ní ríléè tirẹ̀, ìyẹn ṣíwíìṣì tí iná kékeré fi ń tan iná ńlá, àti fíúùsì áńpù 40 tirẹ̀. Brẹ́ìnbọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ló ń pàṣẹ fún àwọn méjèèjì.

Ẹ̀sùn tó wà nílẹ̀ nìyí. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, ọwọ́ géèjì ooru máa ń wà láàárín gbùngbùn, AC á sì tutù dáadáa. Bó bá wọ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọwọ́ géèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, AC á máa fẹ́ atẹ́gùn lílọ́wọ́ọ́wọ́. Tí ọ̀nà bá tún ṣí, tí ọkọ̀ dé nǹkan bíi kìlómítà 60 ní wákàtí kan, gbogbo rẹ̀ á padà bọ̀ sípò bíi pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Kí ó tó dé ibi àyẹ̀wò yìí, wọ́n ti fọ rédíétọ̀, wọ́n ti yọ tàmósítáàtì (ilẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì fi gbóná) dànù, wọ́n ti pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ tó ń ka ooru omi, wọ́n sì ti pààrọ̀ ríléè fáànù rédíétọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ríléè tuntun kọ̀ọ̀kan ṣiṣẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, lẹ́yìn náà ẹ̀sùn kan náà á tún padà. Ẹni tó ṣe é kẹ́yìn ti fẹ́ so fáànù náà mọ́ iná ìkọ́kọ́rọ́ ní dáírẹ́ẹ̀tì kó lè máa yí nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n wáyà tó fi ṣe é gbóná tó bẹ́ẹ̀ tó fi tú u kúrò.

Ohun tí ẹ̀sùn náà ti sọ kí wọ́n tó ṣí bóńẹ́ẹ̀tì

Bí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn iwájú ló ń ṣe iṣẹ́ fáànù. Bó bá dúró, fáànù nìkan ló kù. Rédíétọ̀ tó dí, tàbí wọ́tàpọ́ọ̀ǹpù tí ìpẹta ti jẹ ewé rẹ̀, kì í mọ̀ bóyá ọkọ̀ dúró tàbí ó ń sáré; ó tilẹ̀ máa ń burú sí i nígbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù. Tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì (èyí tó ń dí àlàfo láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀) tó ti jó náà ní àmì tirẹ̀: họ́ọ̀sì òkè á le gbandi láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá tan ẹ́ńjìnnì tútù, omi á máa dín láìsí ibi tó ń jò, atẹ́gùn á sì máa hó jáde nínú rédíétọ̀. Ọkọ̀ yìí kò ní ìkankan nínú wọn. Nítorí náà, fífọ tí wọ́n fọ rédíétọ̀ kò bá ẹ̀sùn mu, yíyọ tí wọ́n yọ tàmósítáàtì sì tún dá kún wàhálà, bí a ó ṣe rí i níwájú.

Kí á sọ ọ̀rọ̀ kan nípa géèjì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, wọ́n ti ṣe ọwọ́ géèjì kó má ṣe dẹ́rù ba awakọ̀: omi lè gòkè láti 80°C dé 100°C kí ọwọ́ náà má sì mira. Ìgbà tí ẹ bá fi rí i tó kúrò láàárín, ọ̀rọ̀ ti pẹ́. Síkánà, ẹ̀rọ tó ń ka ohun tí brẹ́ìnbọ́ọ̀sì mọ̀, ni kí ẹ fi ka ooru, ẹ má fi ojú wo géèjì.

Àyẹ̀wò ẹ́ńjìnnì tútù

Bátìrì ni wọ́n kọ́kọ́ yọ lórí nẹ́gétíìfù, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó dé ẹ̀gbẹ́ ewé fáànù. Kì í ṣe àṣejù. Fáànù oníná lè ṣàdédé yí nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti kú, tí kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò awakọ̀, pàápàá tí omi bá ṣì gbóná. Ìdérí rédíétọ̀ náà, wọn kì í ṣí i títí tí ọwọ́ lásán yóò fi lè di họ́ọ̀sì òkè mú láìfẹ́ sá. Omi tó wà lábẹ́ ìfúnpá lè kọjá 100°C láìhó. Bí ẹ bá ṣí ìdérí, ìfúnpá á lọ, omi á sì di oru lẹ́ẹ̀kan náà sí ẹni tó ṣí i lójú.

Omi wà ní ìwọ̀n, àmọ́ omi lásán ni, ó ti pọ́n bí omi àgbàrá. Ìdérí rẹ̀, tí wọ́n kọ ìwọ̀n ìfúnpá 1.1 sí, di ìfúnpá mú nígbà tí wọ́n fi pọ́ọ̀ǹpù ìdánwò wò ó. Kò sí ibi tó ń jò.

Nígbà tí wọ́n fi ìka yí ewé fáànù méjèèjì, ti AC yí wọ́ọ́rọ́, ó sì rọra dúró. Ti rédíétọ̀ yí pẹ̀lú ìró kan tó dà bíi pé iyanrìn wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n di etí ewé mú tí wọ́n sì mì í sókè sódò, ó ń jà, nǹkan bíi mìlímítà méjì sí mẹ́ta létí ewé. Èyí ni àmì àkọ́kọ́ tó tọ́ka sí ibi tí ẹjọ́ wà gan-an. Ẹni tó bá yára kọjá síbi ríléè kò ní rí i.

Ohun tó tan gbogbo ẹni tó ti wò ó

Wọ́n dá bátìrì padà, wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, wọ́n sì tan AC. Tí ẹ bá yọjú láti òkè, fáànù méjèèjì ń yí. Ibí ni ó yẹ kí ẹ ti dúró wò dáadáa.

Fáànù AC ń fa atẹ́gùn gba inú rédíétọ̀ wá sẹ́yìn bó ṣe yẹ. Fáànù rédíétọ̀ kò rí iná rárá: òfìfo tó wà níbi rẹ̀ ni èkejì rẹ̀ ń gbà fa atẹ́gùn gbígbóná padà láti ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, atẹ́gùn yẹn ló sì ń ti ewé rẹ̀ yí sẹ́yìn. Ó ń yí jẹ́jẹ́, ó ń dúró díẹ̀, ó tún ń yí. Ìdí tí AC náà kò fi tutù nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fáànù tirẹ̀ yè: kò fa atẹ́gùn gba iwájú tó, èyí tó ti lò tẹ́lẹ̀ ló tún ń fà. Àpótí ike tí kò ní ìdènà láàárín, tí fáànù kan bá kú nínú rẹ̀, ẹyọ kan tó kù kò lè ṣe ìdajì iṣẹ́ pàápàá.

Ìwé ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ fi abala ìwé kan sí iwájú kọńdẹ́ńsà, ní ọ̀gangan fáànù kọ̀ọ̀kan. Níwájú fáànù AC, ìwé lẹ̀ mọ́ ọn, kò sì já bọ́. Níwájú fáànù rédíétọ̀, ó já bọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Síkánà

Kóòdù kan ṣoṣo ló wà: P0128, èyí tó ń sọ pé omi ẹ́ńjìnnì kì í gbóná tó bó ṣe yẹ. Ó yani lẹ́nu lára ọkọ̀ tó ń gbóná jù, àmọ́ òótọ́ ló ń sọ: tàmósítáàtì kò sí níbẹ̀, nítorí náà lórí eré, ẹ́ńjìnnì kò dé ooru iṣẹ́. Kóòdù P0480, tó jẹ́ ti okùn ìṣàkóso fáànù àkọ́kọ́, kò sí. Ọ̀pọ̀ á sọ pé nígbà tí kò ti sí kóòdù fáànù, fáànù kò ní ẹ̀bi. Ohun tí brẹ́ìnbọ́ọ̀sì ń wò nínú ọkọ̀ yìí kò ju kọ́ìlì ríléè lọ, ìyẹn ibi tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé àṣẹ gbà. Bóyá ewé fáànù yí tàbí kò yí, kò ní ojú tó lè fi rí i.

Wọ́n fi ọkọ̀ sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ lójú kan, AC pípa. Ní 96°C lórí síkánà, ríléè dún kéè. Wọ́n yin mítà ooru oníná pupa sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí sẹ́ńsọ̀ gúnlẹ̀ sí, ó ka 94. Sẹ́ńsọ̀ kò purọ́ nìyẹn, brẹ́ìnbọ́ọ̀sì sì pàṣẹ lásìkò. Fáànù kò mira. Ooru ń gòkè lọ: 100, 104. Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì ní 108, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni jẹ́ kó kọjá ibẹ̀ nítorí àyẹ̀wò.

Ẹni tí kò bá ní síkánà lè yọ wáyà sẹ́ńsọ̀ ooru nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà lórí iná. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí brẹ́ìnbọ́ọ̀sì ń darí, yóò gbà pé òun kò mọ ooru mọ́, yóò sì tan fáànù fún ààbò. Tí ríléè bá kéè tí fáànù kò yí, ibi kan náà lẹ dé. Kóòdù P0118 lè wọlé lẹ́yìn ìdánwò yìí. Ẹ pa á rẹ́.

Fólítì tí kò gbé ẹrù

Ibí ni àwọn ìyókù ti ṣìnà, tí àwa náà yóò sì dúró lé jù.

Wọ́n yọ sókẹ́ẹ̀tì fáànù rédíétọ̀, wọ́n fi síkánà pàṣẹ kí ríléè mú, wọ́n sì fi mítà wọn ẹnu wáyà méjèèjì. Ó ka fólítì 12.4, iye kan náà tó wà lórí bátìrì. Wọ́n gbé iná láti bátìrì lọ sórí mọ́tò fáànù tààrà, ó yí. Ẹni tó bá dúró síbí yóò sọ pé: iná ń dé, fáànù ń yí, nítorí náà ríléè ló ń ṣe ségesège. Yóò pààrọ̀ ríléè. Ríléè tuntun yóò fi ẹsẹ̀ mímọ́ kan irin inú ìjókòó ríléè, ibi tí wọ́n ń tì í bọ̀, fáànù yóò yí, wọn yóò sì kí ara wọn kú iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Mítà fúnra rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ fa iná kankan. Wáyà tó kù ẹyọ fọ́nrán kan, tàbí irin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má kan ara wọn, lè gbé fólítì 12 dé ọ̀dọ̀ mítà láìsí wàhálà. Ìgbà tí a bá ní kó gbé áńpù ni yóò fi ara rẹ̀ hàn. Nítorí náà ẹrù la ní láti gbé lé e. Gílóòbù iná iwájú ọkọ̀, wáàtì 55, dára fún iṣẹ́ yìí: ó ń fa áńpù mẹ́rin àti díẹ̀ tí iná rẹ̀ bá pé.

Wọ́n so gílóòbù náà mọ́ ẹnu wáyà dípò fáànù. Kò tàn, ó kàn pọ́n wẹ́ẹ́ bí ẹyín iná tó fẹ́ kú. Mítà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ já wá láti 12.4 sí 5.7.

Fólítì 6.7 ti sọnù sójú ọ̀nà. Ibo? Gílóòbù kò kúrò lórí wáyà, gbogbo ìwọ̀n tó tẹ̀lé e ni wọ́n ṣe nígbà tí iná ń kọjá. Láti áàtì (ọ̀nà tí iná ń gbà padà) sókẹ́ẹ̀tì fáànù dé orí nẹ́gétíìfù bátìrì: 0.1. Áàtì dára. Láti pọ́sítíìfù bátìrì dé ẹ̀yìn fíúùsì: 0.1. Láti ẹsẹ̀ 30 ríléè, tí iná ń gbà wọlé, dé ẹsẹ̀ 87 rẹ̀, tó ń gbà jáde lọ sí fáànù: 0.3, ó ti pọ̀ díẹ̀ fún ríléè tí kò tíì pé oṣù kan. Láti ẹsẹ̀ 87 dé wáyà tó jáde lábẹ́ ìjókòó rẹ̀: 6.0. Láti ibẹ̀ dé fáànù: 0.2.

Kí ẹ lè fi mítà kan ẹsẹ̀ ríléè nígbà tó wà ní ìjókòó, ẹ gbé e sókè díẹ̀, bíi mìlímítà mẹ́ta, kí etí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ. Kò pọn dandan kí ẹ gún ara wáyà níhò. Ihò yẹn ni omi yóò gbà wọlé lọ jẹ bàbà.

Láàárín ẹsẹ̀ irin kan àti irin tó yẹ kó di í mú, fólítì mẹ́fà ló ṣègbé.

Ìjókòó ríléè

Wọ́n tú àpótí ríléè sókè láti wo abẹ́ rẹ̀. Níbi ihò mẹ́ta, ike funfun ni. Ní àyíká ihò 87, ike ti pọ́n bí àkàrà tó jó, ó sì ti rọ̀ wọnú. Irin tó wà nínú ihò náà ti pàdánù agbára ìfúnmọ́ rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n gbà mọ̀ ọ́n kò le: wọ́n mú ẹsẹ̀ irin kan tó fẹ̀ tó ti ríléè, wọ́n tì í bọ ihò kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fà á jáde. Nínú ihò mẹ́ta, ó di í mú, ó fẹ́ kí wọ́n fà á. Nínú ihò 87, ó jáde bí ìgbà tí wọ́n yọ ṣíbí nínú ọbẹ̀.

Irin tí kò di ẹsẹ̀ mú dáadáa á gbóná. Ooru náà á tún rọ ìfúnmọ́ rẹ̀ sí i, á sì gba inú ẹsẹ̀ lọ sí inú ríléè, á jó ojú ìkan rẹ̀. Ohun tó pa ríléè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìyẹn. Tí wọ́n bá tún un ṣe tí wọ́n sì dúró síbẹ̀, ọkọ̀ yóò tún padà wá, torí pé kò tíì sẹ́ni tó bi ìjókòó náà léèrè ohun tó mú un gbóná lákọ̀ọ́kọ́. Ti AC tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ó sì funfun.

Mọ́tò fáànù náà

Wọ́n gbé iná láti bátìrì lọ sórí mọ́tò náà lẹ́ẹ̀kan sí i, fíúùsì áńpù 40 wà lójú ọ̀nà, wọ́n sì fi mítà ẹlẹ́nu bí ẹ̀mú gbá wáyà náà mú. Fáànù AC, tí wọ́n wọ̀n láti fi ṣe òdiwọ̀n, fò sókè nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ó sì jókòó sí áńpù 11 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Fáànù rédíétọ̀ jókòó sí 22. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti di 25, ara mọ́tò náà sì ti gbóná ju ohun tí ọwọ́ lè gbà lọ.

Ó ń yí o. Ẹ má gbàgbé pé gbogbo ẹni tó ti dán an wò ló rí i pé ó ń yí.

Ooru tó ń jáde níbi ìsopọ̀ wáyà kì í bá áńpù pọ̀ sí i ní déédéé: bí áńpù bá di ìlọ́po méjì, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin. Èyí ni pé ìjókòó ríléè fáànù rédíétọ̀ ń gba ìlọ́po mẹ́rin ooru tí ti AC ń gbà, lójoojúmọ́, nínú gbogbo sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Fíúùsì áńpù 40 kò sì lè sọ nǹkan kan, nítorí 25 kò tó 40. Wáyà ni fíúùsì ń ṣọ́, kì í ṣọ́ mọ́tò. Ẹni tó bá ń dúró de fíúùsì kó jó kó tó gbà pé mọ́tò ń kú, yóò dúró pẹ́.

Wáyà dáírẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fà mọ́ iná ìkọ́kọ́rọ́ gbóná fún ìdí kan náà. Ká tilẹ̀ ní kò gbóná, fáànù tó ń yí láti ìgbà tí wọ́n bá tan kọ́kọ́rọ́ dé ìgbà tí wọ́n bá pa á kì í ṣe àtúnṣe: ẹ́ńjìnnì á pẹ́ kó tó gbóná, á máa jẹ epo, káábọ̀nù mọ́tò, ìyẹn ohun tó ń gbé iná wọ ara tó ń yí nínú rẹ̀, á sì tán lásìkò kúkúrú. Ìkọ́kọ́rọ́ pàápàá kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣe láti gbé áńpù 22.

Lẹ́yìn tí wọ́n yọ mọ́tò náà, wọ́n ṣí i wò. Búṣì ẹ̀yìn, òrùka tó di ọ̀pá àárín mú, ti jẹ, ọ̀pá náà ń jà nínú rẹ̀. Irin àárín tó ń yí ti ń fi ẹ̀gbẹ́ kan gbo òòfà, ojú ibẹ̀ ń dán bí irin tí wọ́n fi sáńpépà pa. Ẹ̀tù dúdú káábọ̀nù ti kún àlàfo ojú bàbà tí káábọ̀nù ń fi ara kàn. Àwọn kan máa ń fi káábọ̀nù tuntun sí irú mọ́tò báyìí. Tí búṣì bá ṣì dára, kò burú. Tí búṣì bá ti jẹ, káábọ̀nù tuntun kò lè dá ọ̀pá dúró, owó àti àsìkò ló máa bá a lọ.

Àtúnṣe

Mọ́tò fáànù rédíétọ̀ tuntun, pẹ̀lú ewé rẹ̀, ni wọ́n fi sí i. Kí wọ́n tó dè é, wọ́n wọn áńpù rẹ̀ lórí tábìlì: 11.5. Ẹ máa wọ̀n ọ́n, torí pé wíwà nínú páálí kò sọ pé nǹkan dára.

Níbi ìjókòó ríléè, wọ́n gé wáyà 87 sẹ́yìn títí dé ibi tí bàbà rẹ̀ ti ń dán pupa, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá. Ibi tó ti dúdú kò gba nǹkan kan mọ́. Wọ́n fi wáyà mìlímítà onígun mẹ́rin 4 sọ ọ́ di gígùn, wọ́n fi irin ìjókòó tuntun fún un ní ẹnu, pílọ́ọ̀sì ìfúnpọ̀ tó bá a mu ni wọ́n fi fún un, wọ́n sì fi rọ́bà amúnisúnkì bò ó. Ihò ike tó ti rọ̀ kò lè di irin tuntun mú, nítorí náà ìjókòó ẹlẹ́yọ kan tuntun ni wọ́n so mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpótí, ẹnu rẹ̀ kọjú sísàlẹ̀ kí omi òjò má baà dúró nínú rẹ̀. Ríléè áńpù 40 tuntun. Fíúùsì náà dúró sí 40. Kò sí ìdí kankan láti gbé e sókè.

Wọ́n dá tàmósítáàtì 82°C padà, pín-ìn-nì kékeré tó ń jẹ́ kí atẹ́gùn jáde kọjú sókè. Nínú ẹ́ńjìnnì yìí, àwo tó wà ní ìdí tàmósítáàtì ló ń dí ọ̀nà àbùjá nígbà tí ooru bá dé. Tí wọ́n bá yọ ọ́, omi gbígbóná á máa gba àbùjá padà sínú ẹ́ńjìnnì láìgba rédíétọ̀ kọjá. Ìyẹn ni pé ẹni tó yọ ọ́ kí ọkọ̀ lè tutù dín omi tó ń dé rédíétọ̀ kù nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, àkókò náà gan-an tó nílò rẹ̀.

Omi pupa náà ni wọ́n tú dànù, wọ́n sì fi omi mímọ́ fọ inú rẹ̀ títí tó fi mọ́. Gbogbo ẹ̀rọ náà ń gba nǹkan bíi lítà mẹ́fà. Lítà méjì àti díẹ̀ máa ń há sínú ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn títú, nítorí náà wọ́n kọ́kọ́ da lítà mẹ́ta kúláńtì (oògùn omi rédíétọ̀) tí wọn kò tíì fi omi lú sínú rẹ̀, kí wọ́n tó fi omi tí wọ́n ti sẹ́ kún un. Bí ẹ bá lú u ní ìdajì-ìdajì nínú kẹ́ẹ̀gì tẹ́lẹ̀, èyí tó há sínú ẹ́ńjìnnì yóò sọ ọ́ di ṣìṣàn. Wọ́n gbé iwájú ọkọ̀ sókè díẹ̀, wọ́n ṣí híítà sí gbígbóná, ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ lójú kan títí fáànù fi yí tó sì dúró lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ń bu kún un bí atẹ́gùn ṣe ń jáde.

Wọ́n tún mú ìwé jáde. Ó lẹ̀ mọ́ iwájú méjèèjì. Ẹ má fo èyí, pàápàá tó bá jẹ́ pé wáyà mọ́tò tuntun kò bá sókẹ́ẹ̀tì àtijọ́ mu tí ẹ ní láti gé e so. Tí wáyà méjèèjì bá pààrọ̀ ipò, fáànù á yí sódì, á máa ti atẹ́gùn síwájú. Ojú kò lè mọ̀ ọ́n, ọkọ̀ á sì tún máa gbóná.

Ìwọ̀n lẹ́yìn iṣẹ́

Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, bátìrì wà ní fólítì 14.0. Ní ẹnu sókẹ́ẹ̀tì fáànù, nígbà tí fáànù ń yí: 13.7. Ohun tó sọnù ní apá pọ́sítíìfù jẹ́ 0.2, ní apá áàtì 0.1. Tí apá pọ́sítíìfù bá kọjá 0.5, tàbí tí áàtì kọjá 0.2, kí ẹ padà lọ wá ibi tó ti ń sọnù. Fáànù ń tan ní 96°C, ó ń kú ní 91. Pẹ̀lú AC, méjèèjì ń tan lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ni ọkọ̀ fi dúró lójú kan, AC títan. Ooru kò kọjá 98. Ọwọ́ lè dúró lórí ríléè àti ìjókòó rẹ̀ láìsá. Kóòdù P0128 tí wọ́n pa rẹ́ kò padà lẹ́yìn ìrìn-àjò eré gígùn kan.

Tí ọkọ̀ tiyín kò bá rí báyìí

Nínú àwọn ọkọ̀ kan, nígbà tí fáànù bá ń yí jẹ́jẹ́, iná á gba inú fáànù kan kọjá kó tó dé èkejì, kálukú á rí bíi fólítì mẹ́fà. Tó bá di eré gíga, ríléè á yà wọ́n, kálukú á gba 12 tirẹ̀. Níbẹ̀, tí mọ́tò kan bá kú, méjèèjì á kọ̀ láti yí jẹ́jẹ́, àmọ́ ọ̀kan á yí tó bá di eré gíga. Ẹni tí kò mọ̀ á dá brẹ́ìnbọ́ọ̀sì lẹ́bi.

Nínú àwọn ọkọ̀ àtijọ́, ṣíwíìṣì tó gúnlẹ̀ sára rédíétọ̀ ló ń tan fáànù. Ọ̀pọ̀ wọn, tí ẹ bá so wáyà rẹ̀ méjèèjì pọ̀, fáànù á yí. Àwọn mìíràn rí òdìkejì, wáyà tí ẹ bá yọ ni fáànù á fi yí. Ẹ mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó sọ pé ṣíwíìṣì ti bàjẹ́.

Fáànù AC ọkọ̀ yìí, wọ́n fi í sílẹ̀. Ọjọ́ orí kan náà ni òun àti èyí tó kú, ṣùgbọ́n ó ń fa áńpù 11, ewé rẹ̀ kò jà, ìjókòó ríléè rẹ̀ sì ń di ẹsẹ̀ mú. Nígbà tí wọ́n bá tún máa pààrọ̀ ọ́ìlì, wọn yóò tún fi mítà gbá wáyà rẹ̀ mú. Tó bá ti ń lọ sí 15, wọn yóò pààrọ̀ rẹ̀ kí ìjókòó tirẹ̀ náà tó pọ́n.